Ìwé pélébé inú páálí káàdì tarot: ṣé kí n gbà á gbọ́ ni, àbí kí n pa á tì?

Àṣàkẹ́Tuntun

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin àgbà. Ọ̀rẹ́ mi kan fi ìdì káàdì tarot tí wọ́n fi ń woṣẹ́, irú ti Rider-Waite, ta mí lọ́rẹ. Ìwé pélébé funfun kan wà nínú páálí rẹ̀, lẹ́tà inú rẹ̀ kéré bí ẹni pé èèrà ni wọ́n kọ ọ́ fún.

Mo yọ Idà Mẹ́rin. Àwòrán rẹ̀ ò burú lójú mi rárá: ọkùnrin kan dùbúlẹ̀, ó pa ọwọ́ pọ̀ bí ẹni tó ń gbàdúrà, idà mẹ́ta wà lára ògiri lókè rẹ̀, ọ̀kan wà nísàlẹ̀. Ibi tí mo ti ń kà nípa tarot lórí íntánẹ́ẹ̀tì sọ pé ìsinmi ni. Mo wá ṣí ìwé pélébé, kí ni mo rí? Ìṣọ́ra, ìdáwà, lílé ènìyàn kúrò nílùú, sàréè, pósí. Pósí kẹ̀! Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó jókòó tì mí ní kí n kó gbogbo ẹ̀ dànù lójú ẹsẹ̀.

Nǹkan mìíràn ni pé mo ní ìdì káàdì kan tẹ́lẹ̀, irú ti Marseille, ti àtijọ́ ilẹ̀ Faransé. Nínú ìyẹn, Ìdájọ́ Òdodo ni nọ́ńbà 8, Agbára ni 11. Nínú tuntun yìí, àwọn méjèèjì ti gba ipò ara wọn. Èwo ló tọ̀nà? Ìwé náà sì tún fún káàdì kọ̀ọ̀kan ní ìtumọ̀ méjì, ọ̀kan fún ìgbà tó bá dúró ṣánṣán, ọ̀kan fún ìgbà tó bá dorí kodò. Ṣé dandan ni kí n kọ́ méjèèjì? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ là mí lóye.

OjúLọ̀rọ̀Wà

Ẹ pa ìwé yẹn tì jàre. Àwòrán ló wà lára káàdì, àwòrán náà ló ń sọ̀rọ̀. Ẹ tẹjú mọ́ ọn, ẹ sọ ohun tẹ́ ẹ rí, ó parí. Ìwé tó fẹ́ fi ọ̀rọ̀ márùn-ún ṣàlàyé odindi káàdì, kí lẹ fẹ́ rí gbà níbẹ̀? Tèmi ò jáde nínú páálí rí.

BàbáÌwé

Mi ò gbà pẹ̀lú OjúLọ̀rọ̀Wà. Kí ẹ tó jù ú nù, ẹ kọ́kọ́ mọ ibi tí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ti wá.

Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n ti kọ́kọ́ tẹ ìdì káàdì yẹn jáde, ní oṣù Kejìlá ọdún 1909, ilé iṣẹ́ William Rider & Son ló gbé e jáde. Arthur Edward Waite ló gbèrò bó ṣe máa rí, Pamela Colman Smith ló ya àwòrán rẹ̀. Waite kọ ìwé kékeré kan tì í lẹ́yìn, nígbà tó sì di 1911 ó tún un gbé jáde pẹ̀lú àwòrán gbogbo káàdì 78, ó pè é ní The Pictorial Key to the Tarot. Púpọ̀ nínú ìwé pélébé tó ń bá irú káàdì yìí wá títí dòní, inú ìwé yẹn ni wọ́n ti gé ọ̀rọ̀ wọn. Gígé yẹn ló dá wàhálà sílẹ̀: ọ̀rọ̀ ṣẹ́ kù, àlàyé tó wà láàárín wọn bọ́ dànù.

Ẹ padà síbi Idà Mẹ́rin. Ẹ wo ohun tí ọkùnrin yẹn sùn lé. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀dì. Sàréè ni, irú èyí tí wọ́n máa ń gbé ère jagunjagun lé nínú ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́ ilẹ̀ Yúróòpù. Ẹ wo òkè lápá òsì, ẹ ó rí fèrèsé ṣọ́ọ̀ṣì aláwọ̀ mèremère. Waite fúnra rẹ̀ sọ pé sàréè àti pósí tó gbẹ̀yìn ìtumọ̀ yẹn ló jẹ́ kí wọ́n ya àwòrán náà bẹ́ẹ̀. Ìyẹn ni pé ìtumọ̀ ti wà nílẹ̀ kí àwòrán tó dé. Ìdáwà tẹ́ ẹ rí níbẹ̀ ti wà nínú iṣẹ́ Etteilla, ará Faransé kan tó ti ń fi káàdì woṣẹ́ ní ọ̀rúndún kejìdínlógún. Ọ̀rọ̀ àtijọ́ ni Waite kó jọ síbẹ̀. Ẹ bá mi sọ fún ẹ̀gbọ́n yín pé kò sẹ́ni tó ń sọ pé wọ́n fẹ́ sin ẹnikẹ́ni. Ẹni tó sùn sórí sàréè tí ojú rẹ̀ sì tutù, ìsinmi náà nìyẹn.

Ní ti 8 àti 11, méjèèjì ló tọ̀nà, níbi tí oníkálukú wọn ti wá. Ìdájọ́ Òdodo ló wà ní 8 nínú àwọn káàdì Marseille. Waite jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ Golden Dawn, ẹgbẹ́ awo kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn yẹn sì so káàdì ńlá, ìyẹn àwọn 22 tó lórúkọ tiwọn bí Agbára àti Ìdájọ́ Òdodo, mọ́ àmì ìràwọ̀ méjìlá ojú ọ̀run. Ẹ gbé káàdì méjèèjì sójú: kìnnìún wà lára Agbára, òṣùwọ̀n wà lọ́wọ́ Ìdájọ́ Òdodo. Lójú ọ̀run, àmì Kìnnìún ló ń ṣáájú, Wúńdíá tẹ̀ lé e, kí Òṣùwọ̀n tó dé. Kí ètò náà má bàa dàrú ni wọ́n ṣe pààrọ̀ wọn. Waite ò ṣàlàyé èyí fún òǹkàwé, ó kàn sọ pé ìdí tó tẹ́ òun lọ́rùn ni òun fi ṣe é. Ìgbéraga díẹ̀ ò sí níbẹ̀ bí?

ỌmọNáílì

Bàbá, ìwé pélébé tèmi sọ ní ojú ewé àkọ́kọ́ pé àwọn àlùfáà Íjíbítì ayé àtijọ́ ló kó ọgbọ́n wọn pamọ́ sínú káàdì yìí. Ẹ ò mẹ́nu kàn án rárá.

Àbẹ́là

Kí Bàbá tó dáhùn, ẹ jẹ́ kí n sọ ti Thoth, ìdì káàdì tarot mìíràn, torí ìmọ̀ràn OjúLọ̀rọ̀Wà máa ṣi ẹni tó bá ní Thoth lọ́nà.

Aleister Crowley àti Lady Frieda Harris ló ṣiṣẹ́ lé Thoth. Láàárín 1938 sí 1943 ni Harris ya àwọn àwòrán náà. Crowley tẹ ìwé rẹ̀, The Book of Thoth, jáde ní 1944. Ó kú ní 1947, Harris náà kú ní 1962, 1969 ni káàdì náà tó jáde. Kò sí Ọba nínú rẹ̀. Agẹṣin ló wà lórí, Ayaba tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà Ọmọ Ọba ọkùnrin àti Ọmọ Ọba obìnrin. Ẹni tó bá fi ìtumọ̀ Agẹṣin ti Rider-Waite lé Agẹṣin Thoth, ẹni ọ̀tọ̀ ló ń ka nǹkan rẹ̀ fún. Crowley tún yí orúkọ padà: Justice di Adjustment, Temperance di Art, Strength di Lust. Bí ẹ bá ju ìwé inú páálí nù, níbo lẹ ó ti mọ gbogbo èyí? Àwòrán ò ní sọ ọ́ fún yín.

KáàdìÀtijọ́

Ẹ gbà mí láàyè kí n fi ti Marseille kún un. Àṣàkẹ́ ní ọ̀kan, kó lọ yọ Ife Méje nínú rẹ̀. Ife méje ló máa rí, àti ewéko díẹ̀ láàárín wọn. Kò sí ènìyàn, kò sí ilé, kò sí òjò. Ẹ tẹjú mọ́ ọn títí ilẹ̀ yóò fi ṣú, ife méje náà ni. Ọ̀rọ̀ “ẹ wo àwòrán” yẹn, àwọn tó ń lo káàdì Smith àti àwọn tó tẹ̀ lé ipasẹ̀ rẹ̀ ló wúlò fún, torí pé òun ya ìran sí gbogbo káàdì kékeré 56, ìyẹn àwọn ìdílé mẹ́rin: Ọ̀pá, Ife, Idà àti Owó. Kì í ṣe pé irú rẹ̀ ò sí rí o, káàdì Sola Busca ti Ítálì ní ìparí ọ̀rúndún kẹẹ̀ẹ́dógún ti ní ìran lára, kódà Idà Mẹ́ta ti Smith jọ tirẹ̀ gan-an. Ṣùgbọ́n nínú Marseille, nọ́ńbà àti ìdílé káàdì lẹ ń kà, ẹni tó sì máa sọ fún yín bí wọ́n ṣe ń kà á ni ìwé.

OjúLọ̀rọ̀Wà

Ó dáa, mo gbọ́ ti Marseille. Rider-Waite ni Àṣàkẹ́ béèrè, òun náà ni mo dáhùn. Lórí ìyẹn, ẹsẹ̀ mi ò yẹ̀. BàbáÌwé fúnra rẹ̀ ló fi ojú wo sàréè àti fèrèsé ṣọ́ọ̀ṣì, kì í ṣe ìwé pélébé ló fi wọ́n hàn án.

BàbáÌwé

Ìwé ló mú mi padà lọ wò ó, ọ̀gbẹ́ni.

ỌmọNáílì, ẹ pa ojú ewé yẹn dé. Antoine Court de Gébelin ló kọ ọ̀rọ̀ Íjíbítì sínú ìwé ní Faransé ní 1781. Nígbà yẹn, kò tíì sí ẹnikẹ́ni láyé ìgbà náà tó lè ka ìkọ̀wé alámì àtijọ́ Íjíbítì. 1822 ni Champollion, ọ̀mọ̀wé ará Faransé, tó tú u. Àríwá Ítálì ni tarot ti jáde ní ọ̀rúndún kẹẹ̀ẹ́dógún, eré ni wọ́n sì ń fi ṣe. Wọ́n ṣì ń fi ta káàdì ní Faransé títí dòní. Ìwé pélébé kan ń da ọ̀rọ̀ kọ láti inú òmíràn, ìdí nìyẹn tí ìtàn yẹn kò fi kú. Ohun tí ẹni tó ṣe káàdì sọ nípa káàdì ara rẹ̀, ẹ fetí sí i. Bó bá di ìtàn ayé àtijọ́, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò níbòmíràn.

FìlàDúdú

Ẹ ti gbàgbé àwọn tí ìwé ò sí nínú páálí wọn rárá. Bí ẹ bá ra káàdì tuntun tí ẹ ò bá ìwé pélébé níbẹ̀, àfi àmì QR kan lára páálí tàbí lára káàdì àfikún, ẹ fura. Àwọn tó ń ṣe ayédèrú máa ń yọ ìwé kúrò kí owó títẹ̀ lè dínkù, wọ́n á wá ní kí ẹ lọ gba fáìlì lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ tún wo ìwọ̀n káàdì, àwọ̀ tó ṣá, orúkọ ayàwòrán tí kò sí níbì kankan. Kì í ṣe gbogbo ẹni tó lo QR ni oníjìbìtì o, àwọn ayàwòrán kan tó ń dá káàdì wọn tẹ̀ máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú. Ẹ lọ wo ojú òpó ẹni tó ṣe é gan-an, ẹ fi ohun tó wà níbẹ̀ wé tọwọ́ yín.

Ẹ má sì bínú sí gbogbo ìwé tó bá kúrú. Lo Scarabeo, ilé iṣẹ́ atẹ káàdì kan ní Turin ní Ítálì, máa ń tẹ ìwé pélébé ní èdè púpọ̀ pọ̀ sójú kan. Bí èdè mélòó kan bá pín ìwé kan náà, ìlà kan tàbí méjì ni káàdì kọ̀ọ̀kan máa rí gbà.

Àwọn káàdì oracle ńkọ́? Wọn kì í ṣe tarot, kò sí iye pàtó tí wọ́n gbọ́dọ̀ jẹ́, oníkálukú ló ń dá orúkọ àti ìtumọ̀ tirẹ̀ sílẹ̀. Bí ìwé yẹn bá sọnù, kò sí ibòmíràn tẹ́ ẹ ti lè ṣàwárí rẹ̀, àfi lọ́dọ̀ ẹni tó ṣe é. Ti oracle ni kí ẹ tọ́jú jù.

Àṣàkẹ́Tuntun

Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin èèyàn mi. Mo ti wo sàréè yẹn, mo sì ti fi han ẹ̀gbọ́n mi. Ó ní òun gbọ́, ṣùgbọ́n kí n má gbé e wọ yàrá òun.

Ohun tó tún ń dààmú mi ni pé mi ò tètè rí káàdì tí mo bá ń wá nínú ìwé náà. Mo wá Ọ̀pá Kan títí. Ní ìparí rẹ̀ wọ́n tún ya àtẹ́ oníkáàdì mẹ́wàá kan tí wọ́n pè ní Celtic Cross. Ṣé ibẹ̀ ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

ÌyáAláwòrán

Àṣàkẹ́, ọmọ mi, rọra. Waite bẹ̀rẹ̀ látorí Ọba Ọ̀pá, ó ń sọ̀ kalẹ̀ títí dé Ọ̀pá Kan kó tó bọ́ sórí Ife. Ìwé pélébé tó bá tẹ̀ lé e máa ṣe bákan náà. Ìparí ìdílé Ọ̀pá ni kí o wò, wàá rí i níbẹ̀. Àwọn ìwé mìíràn máa ń bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ gòkè, torí náà yẹ tìrẹ wò kó o tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí ojú ewé káàkiri.

Ti lẹ́tà tó kéré, ya fọ́tò ojú ewé náà kí o fi ìka fẹ̀ ẹ́ lórí fóònù, tàbí kí o ní kí wọ́n ṣe ẹ̀dà rẹ̀ fún ọ kó tóbi sí i. Ẹ̀dà ni mo fẹ́ràn jù, torí mo lè fi pẹ́ńsù kọ nǹkan sí etí rẹ̀ láì ba ojúlówó jẹ́.

Bí mo ṣe ń lò ó nìyí o. Màá yọ káàdì kan, màá gbé e síwájú mi, mi ò ní ṣí ìwé. Màá kọ gbólóhùn kan tàbí méjì nípa ohun tí mo rí. Lẹ́yìn ìyẹn ni màá ṣí ìwé pélébé. Ibi tí tèmi àti tirẹ̀ bá fohùn ṣọ̀kan, mo kọjá. Ibi tá a bá ti takora, ibẹ̀ ni mo máa ń pẹ́ sí. Mú Idà Mẹ́jọ bí àpẹẹrẹ. Obìnrin kan dúró, wọ́n fi aṣọ dì í lójú, idà wà lẹ́yìn rẹ̀ àti lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ohun tí mo kọ ni “ẹni tí kò lè kúrò.” Waite kọ ìròyìn burúkú, wàhálà, àti agbára tí wọ́n dè. Gbólóhùn “agbára tí wọ́n dè” yẹn ló mú mi padà wá wo okùn náà dáadáa. Apá ni wọ́n dì mọ́ ọn lára. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ò sí nínú okùn rárá, kò sì sí idà kan níwájú rẹ̀. Ó lè rìn. Ìwé ò sọ bẹ́ẹ̀, èmi náà ò kọ́kọ́ sọ bẹ́ẹ̀, àárín àwa méjèèjì ló ti jáde.

Má fi Celtic Cross bẹ̀rẹ̀. Káàdì mẹ́wàá ti pọ̀ jù fún ẹni tí kò tíì mọ ojú káàdì. Káàdì kan tàbí mẹ́ta tó ọ. Nígbà tó bá yá tó o bá fẹ́ tẹ́ ẹ, mú ìwé kan, kí o sì dúró tì í, torí ibi tí ìwé kan fi káàdì kẹta sí lè má jẹ́ ibi tí òmíràn fi í sí. Lọ́dọ̀ Waite, ẹ̀kẹta wà lókè, ẹ̀kẹrin wà nísàlẹ̀, ìkarùn-ún wà lẹ́yìn, ìkẹfà wà níwájú.

Ohun kan tí mi ò ní gbójú fò: má ka ìwé pélébé sí ẹlòmíràn létí. Opó, àìrọ́mọbí àti ọ̀fọ̀ wà lábẹ́ Ayaba Idà nínú ìwé Waite. Bí ẹni tó ń wojú Ọlọ́run fún ọmọ bá jókòó síwájú rẹ, tó o sì ka ìyẹn jáde gbuurugbu, o ti ṣe é ní jàǹbá. Ọ̀rọ̀ àìsàn, ọ̀dọ̀ dókítà ni.

Ní ti dídorí kodò, fi í sílẹ̀ ná. Jẹ́ kí 78 tó dúró ṣánṣán kọ́kọ́ yé ọ.

Àbẹ́là

Mo wà lẹ́yìn Ìyá lórí ìyẹn. Crowley náà ò lo dídorí kodò. Nínú ètò Golden Dawn, káàdì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ káàdì ni wọ́n ń wò: ṣé iná àti omi ni wọ́n, àbí iná àti afẹ́fẹ́, ṣé wọ́n ń ran ara wọn lọ́wọ́ àbí wọ́n ń pa ara wọn kú.

KáàdìÀtijọ́

Pẹ̀lú ọ̀wọ̀, mà, mi ò fara mọ́ ọn. Bí ẹni tó ní Rider-Waite bá pa ti dídorí kodò tì, ìdajì ìwé rẹ̀ ló pa tì yẹn. Etteilla ti ń kọ ìtumọ̀ fún káàdì tó dorí kodò láti 1770, lórí káàdì ayò lásán, kó tó kan tarot rárá. Nígbà mìíràn sì rèé, apá tó dorí kodò ló ń la èyí tó dúró yé ni. Ẹ wo Idà Mẹ́wàá, ọkùnrin tí idà gún lẹ́yìn títí dé ọrùn. Bó bá dorí kodò, Waite ní èrè, àṣeyọrí àti ojú rere ni, àmọ́ kò sí èyí tó máa tọ́jọ́. Lára èyí tó dúró ṣánṣán, ó kọ ìrora àti omijé, ó wá fi kún un pé káàdì náà kì í ṣe ti ikú oró ní pàtó. Gbólóhùn tó kẹ́yìn yẹn ni kí ẹ wò bóyá ó ṣẹ́ kù nínú ìwé pélébé tiyín, torí òun ni ẹni tó ń gé ìwé kúrú á kọ́kọ́ yọ.

Kí o tó pinnu, Àṣàkẹ́, yí káàdì rẹ dojú bolẹ̀ kí o wo ẹ̀yìn wọn. Bí àwòrán ẹ̀yìn wọn bá lórí tó sì nídìí, wàá ti mọ èyí tó dorí kodò kó o tó ṣí i, kò sì ní sí àdììtú kankan mọ́. Bí òkè àti ìsàlẹ̀ bá dọ́gba, o lè máa lò ó.

ÌyáAláwòrán

Idà Mẹ́wàá yẹn, mo gbà fún ọ. Síbẹ̀, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni mo ń bá sọ̀rọ̀.

Àṣàkẹ́Tuntun

Ẹ̀yìn tèmi dọ́gba lókè nísàlẹ̀. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wo Idà Mẹ́wàá nínú ìwé pélébé mi: ìrora, omijé, ìbànújẹ́, ó parí. Wọn ò kọ ti ikú oró yẹn síbẹ̀! Ibo ni mo ti lè rí odindi ìwé Waite kà láì sanwó?

FìlàDúdú

Ó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́. 1942 ni Waite kú, ìwé 1911 yẹn ti bọ́ kúrò lábẹ́ òfin àṣẹ òǹkọ̀wé. Ẹ wá The Pictorial Key to the Tarot, èyí tó ní àwòrán nínú ni kí ẹ mú. Apá kejì ló ti ṣàpèjúwe àwọn káàdì ńlá 22, ṣùgbọ́n ìtumọ̀ tí wọ́n fi ń woṣẹ́ ò sí níbẹ̀, púpọ̀ nínú àwọn tó ń kà á ló ń wá a tì síbẹ̀. Apá kẹta ni kí ẹ lọ. Ibẹ̀ ni ti gbogbo káàdì kékeré wà, ti àwọn ńlá sì tẹ̀ lé wọn.